Iṣẹ́ abẹ fún ìsanra àsanjù kì í ṣe ọ̀nà ẹ̀bùrú fún ọ̀lẹ

Níbi ìkómọjáde kan ní Kúbwà, mo jókòó ti arábìnrin kan tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún nítorí ìsanra àsanjù. Mọ́ínmọ́ín eléwé kan ṣoṣo ló wà níwájú rẹ̀. Ṣíbí kékeré tí a fi ń po tíì ló fi ń bù ú jẹ, ó ń rún un pẹ́ lẹ́nu, nígbà tó sì jẹ ẹ́ dé ìdajì, ó fi ewé bò ó, ó ní òun ti yó. Àwọn méjì tó wà lẹ́yìn wa kò tilẹ̀ rẹ ohùn sílẹ̀: “Ṣebí wọ́n ti fi ọ̀bẹ gé ọ̀rá rẹ̀ dànù. Ọ̀lẹ ni kò jẹ́ kó lè kó ẹnu rẹ̀ ní ìjánu.” Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra, nítorí àṣìṣe méjì ló wà nínú rẹ̀.

Iṣẹ́ abẹ yìí kì í ṣe yíyọ ọ̀rá rárá. Ọ̀tọ̀ ni èyí tí wọ́n fi ń fa ọ̀rá abẹ́ awọ jáde nítorí ẹwà. Àpòlúkù àti ìfun ni wọ́n ń tún ṣe fún ẹni tó sanra jù. Nínú irú èyí tí wọ́n ń pè ní sleeve, wọ́n máa ń gé nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún àpòlúkù kúrò, ìyókù á wá rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Nínú bypass, wọ́n máa ń ya àpò kékeré kan, tí kò ju ẹyin adìyẹ lọ, sọ́tọ̀ lókè àpòlúkù, wọ́n á sì so ìfun mọ́ ọn, kí oúnjẹ má baà gba inú ìyókù àpòlúkù àti ìbẹ̀rẹ̀ ìfun kọjá mọ́.

Ní ti ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ, ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kí a ti fara balẹ̀. Bí ẹni tó sanra jù bá fi ìṣọ́ra oúnjẹ àti ìrìn òwúrọ̀ já kílò mẹ́wàá, ara rẹ̀ á rò pé ìyàn ti mú ni: á dín agbára tó ń ná lójúmọ́ kù, á sì túbọ̀ máa tú họ́mọ̀nù ebi jáde. Ghrelin ni orúkọ họ́mọ̀nù yìí, ọdún 1999 ni wọ́n ṣàwárí rẹ̀, apá òkè àpòlúkù ló sì ti ń wá jù. Apá yẹn gan-an ni sleeve ń gé kúrò, nítorí náà kì í ṣe ìwọ̀n oúnjẹ nìkan ló ń dín kù, ebi fúnra rẹ̀ ń dín kù. Lára ọ̀pọ̀ alátọ̀gbẹ tó ṣe bypass, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ a máa wálẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀, kí wọ́n tó fọn rárá. Ìwádìí ńlá kan tó bẹ̀rẹ̀ ní Sweden lọ́dún 1987 fi hàn pé ikú láàárín àwọn tó ṣe iṣẹ́ abẹ kéré sí ti àwọn tí kò ṣe é.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó sanra ló kàn. Wọ́n á fi gíga ènìyàn ní mítà, tí a fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀, pín ìwọ̀n kílò rẹ̀; èsì rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní BMI. Ẹni tó ga ní mítà 1.6, tó sì wúwo tó kílò 103, ti kọjá 40. Láti ọdún 1991 ni wọ́n ti ń lo 40 láti mọ ẹni tí iṣẹ́ abẹ yìí tọ́ sí, tàbí 35 bí àìsàn bí àtọ̀gbẹ tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru bá bá a rìn. Lọ́dún 2022, àwọn ẹgbẹ́ oníṣẹ́ abẹ yìí ní 35 nìkan ti tó.

Ewu wà níbẹ̀: ojú rírán lè jò, ẹ̀jẹ̀ lè dì, òkúta lè hù nínú òróòro, ìsanra sì lè padà. Obìnrin kò gbọdọ̀ lóyún fún ọdún kan sí ọdún kan ààbọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà. Omi kò ṣeé gbé mu gbúgbúgbú mọ́, bẹ́ẹ̀ ooru Àbújá kì í ṣe kékeré, nítorí náà ẹni tó fẹ́ gba ààwẹ̀ Ràmàdánì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí dókítà rẹ̀. Títí ayé ni yóò máa lo fítámì, pàápàá B12, yóò sì máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lọ́dọọdún.

Kí a tó dìde níbi ìkómọ náà, arábìnrin yẹn yọ oògùn rẹ̀ nínú báàgì, ó fi omi díẹ̀ gbé e mì, ó dúró, ó tún mu díẹ̀. Ó ní ọdún kẹta rèé tí òun kò tíì fo ọjọ́ kan.