Bí Sẹ́nétì Kẹ́ńyà ṣe kú tó tún jíǹde

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọ pé ká kúkú fagi lé Sẹ́nétì ní Nàìjíríà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ wo Kẹ́ńyà ná, torí àwọn ti ṣe é rí.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbòmìnira ní 1963, ẹ̀rù ń ba àwọn ẹ̀yà kéékèèké pé àwọn Kikuyu àti Luo tó pọ̀ nínú ẹgbẹ́ KANU máa gbé àwọn mì, ni ẹgbẹ́ tiwọn, KADU, tí Ronald Ngala ń darí, bá ní àfi kí àgbègbè kọ̀ọ̀kan ní agbára tiẹ̀, ohun tí wọ́n ń pè ní majimbo lédè Swahili nìyẹn. Ibẹ̀ ni Sẹ́nétì ti jáde: èèyàn 41, ẹnì kọ̀ọ̀kan láti dísíríìtì kọ̀ọ̀kan, ì báà tóbi ì báà kéré. Iṣẹ́ wọn gan-an ni pé kí wọ́n máa ṣọ́ ẹ̀tọ́ àwọn àgbègbè yẹn.

Kò pẹ́ rárá. Ní Nòfẹ́ńbà 1964 KADU tú ká, wọ́n wọ KANU, Jomo Kenyatta tó ń ṣolórí ìjọba sì ń kó agbára padà sí Nàìróbì díẹ̀díẹ̀, nígbà tó fi máa di ìparí 1966 wọ́n ti ní kí ilé aṣòfin méjèèjì, Sẹ́nétì àti Ilé Aṣojú, di ẹyọ kan. Ohun tó ń dùn mí jù ni bó ṣe ṣẹlẹ̀: wọn ò lé sẹ́nétọ̀ kankan dànù o, ṣe ni wọ́n fi àgbègbè ìdìbò 41 kún 117 tó wà nílẹ̀, ó di 158, kálukú wọn bá ríbi jókòó. Àwọn tí wọ́n ní kó ṣọ́lé ló dìbò kílé wó!

Ó lé ní ogójì ọdún kó tó padà. Ìjà tó tẹ̀ lé ìbò Dìsẹ́ńbà 2007 pa èèyàn tó lé ní 1,100, lójú tèmi ìyẹn ló jẹ́ kí aráàlú rí ewu tó wà nínú kí gbogbo agbára wà lójú kan. Ní 4 Ọ́gọ́ọ̀sì 2010 wọ́n dìbò gba ìwé òfin orílẹ̀-èdè tuntun, bíi ìdá 67 nínú 100 ló gbà á, ó dá káńtì 47 sílẹ̀ (bí ìpínlẹ̀ tiwa), ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú gómìnà tiẹ̀, ó sì dá Sẹ́nétì padà kó máa jà fún wọn. Sẹ́nétọ̀ 67 ló wọlé ní 2013: 47 láti káńtì, obìnrin 16, ọ̀dọ́ méjì, abirùn méjì.

Àmọ́ òfin tó bá kan káńtì nìkan ni wọ́n lè dá sí, lọ́dún yẹn náà ni wọ́n ti bá ilé aṣòfin kejì fà á lórí owó tó yẹ kí káńtì gbà, àfìgbà tí Kóòtù Tó Ga Jù Lọ sọ pé Sẹ́nétì gbọ́dọ̀ lóhùn sí i.