Ọ̀pá yìnyín ni, kì í ṣe ọkàn yìnyín

Yìnyín gbọọrọ tí wọ́n ń gbẹ́ yọ láti inú yìnyín tó nípọn, kí wọ́n lè ka ìtàn ojú ọjọ́ lára rẹ̀, ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "ice core". Ní Yorùbá, àwọn kan ń kọ ọ́ ní "ọkàn yìnyín", àwọn mìíràn ní "kókó yìnyín", n kò sì fara mọ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ẹni tó pè é ní ọkàn tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò wo ohun tí à ń sọ. Kókó tilẹ̀ burú jù, nítorí ohun tó ṣù tó sì le ni Yorùbá ń pè bẹ́ẹ̀, nígbà tí èyí rí gbọọrọ, tó ṣeé gbé lé èjìká. Olùkọ́ kan ní Kàbà bá mi jiyàn pé igi nìkan ni ọ̀pá. Ṣé igi ni ọ̀pá epo tí wọ́n ń rì mọ́lẹ̀? Yàtọ̀ sí èyí, bí ọ̀pá ìwọ̀n ni wọ́n ṣe ń ka yìnyín náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Orúkọ wo ló tún lè bá a mu jù bẹ́ẹ̀ lọ?

Ẹ rántí bí a ti ń mọ ilé alámọ̀ níhìn-ín: wọn a mọ ìpele kan, wọn a jẹ́ kó gbẹ, kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Bí wọ́n bá sungbó, tí eérú sì bà lé ìpele tó ṣì tutù, ìlà dúdú yóò wà lára ògiri náà títí, ẹni tó bá ka ìpele yóò sì mọ ọjọ́ tí iná jó. Bẹ́ẹ̀ ni òjò dídì ọdún kọ̀ọ̀kan ń gorí ti èṣí ní Greenland àti Antarctica, níbi tí wọ́n ti gbẹ́ ju 3,000 mítà lọ. Bí òkè ayọnáyèéfín bá bú gbàmù, èéfín imí ọjọ́ rẹ̀ á ga kọjá ìkùukùu, á di ẹ̀kán ásíìdì wẹ́wẹ́ tó ń dá ìtànṣán oòrùn padà, ayé á sì tutù fún ọdún kan sí mẹ́ta kí ásíìdì náà tó bá òjò dídì wálẹ̀. Iná mànàmáná máa ń tètè gba ibi tí ásíìdì wà kọjá, òun ni wọ́n sì fi ń wá àmì bíbú òkè náà lára ọ̀pá yìnyín. Tambora, òkè ayọnáyèéfín kan ní Indonéṣíà, bú ní 1815; ní 1816, òtútù ba irè oko jẹ́ ní Yúróòpù.

Àmì kan tó tóbi ju ti Tambora lọ wà lára ọ̀pá yìnyín ìhà méjèèjì ayé, èyí tó fi hàn pé òkè tó fa àmì náà kò jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé. Wọ́n mọ ìgbà tó bú, ní nǹkan bí 1257, ṣùgbọ́n ọdún 2013 ni wọ́n tó tọ́ka sí òkè náà: Samalas, ní erékùṣù Lombok ní Indonéṣíà.