Ọ̀pẹ kan náà, òróró méjì: èrò òdì nípa àdín

Ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé ohun tí epo pupa ń ṣe lára náà ni àdín ń ṣe, nítorí ẹyìn kan náà ló bí wọn. Ẹyìn kan náà ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹran ara ẹyìn ni a ti ń fún epo, nígbà tí àdín ń ti inú èkùrọ́ wá, èyí tí a pa, tí a sì dín nínú ìkòkò títí òróró rẹ̀ fi jáde. (Iná yìí ló sọ ọ́ di dúdú, dúdú rẹ̀ kò fi hàn pé oògùn ni.) Àwọn àgbà tí wọ́n ní Èṣù kì í jẹ àdín, tí wọ́n sì ń fi epo pupa bọ ọ́, kò fi ọ̀kan pe èkejì rí.

Nǹkan bí ìdá 80 nínú 100 ọ̀rá inú àdín ló jẹ́ irú tí ó máa ń dì. Ti epo pupa jẹ́ nǹkan bí ìdajì. Lauric, ọ̀kan lára irú ọ̀rá tí ó máa ń dì, nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ kó ìdajì àdín, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nínú epo pupa, níbi tí irú ọ̀rá méjì mìíràn, palmitic àti oleic, ti pọ̀ jù. Òróró àgbọn gan-an ni ìbátan àdín. Ẹni tí ó bá dé ìsọ̀ olóróró ní Òkè-Ajé, Ìjẹ̀bú-Òde, láàárọ̀ ọyẹ́, yóò rí epo pupa tí ó pín sí méjì nínú ìgò, tí èyí tó ṣàn wà lókè, tí èyí tó ki wà nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n àdín yóò ti dì gbagidi, àfi kí ìyá olójà gbé e sóòrùn kí ó tó lè dà á.

Wọ́n tún máa ń ní àdín kò ní kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù, ohun bí ọ̀rá tó máa ń wà nínú ẹ̀jẹ̀. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ wa ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ara, ọ̀rá tí ó máa ń dì kì í sì í jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ kó o kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ bó ti yẹ. Ohun pupa inú epo, tí ara ń sọ di fítámì A, kò sí nínú àdín rárá. Àdín tí a fi ń para kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Èyí tí a ń mu ni mò ń sọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ọ̀rá tí ó máa ń dì má kọjá ìdá 10 nínú 100 agbára tí oúnjẹ ń fún wa lójúmọ́, èyí tó jẹ́ nǹkan bí gíráàmù 22 fún ẹni tí ń jẹ kálórì 2,000. Ṣíbí ìjẹun ńlá kan àdín ní nǹkan bí gíráàmù 11 ọ̀rá tí ó máa ń dì, nítorí náà ẹni tí ń mu ún láràárọ̀ ti lo ìdajì ìwọ̀n rẹ̀ kí ó tó fọwọ́ kan ìkọ́kọrẹ́.