Bí Ìwádìí Ìlera Ṣe Dé Ilé Ọtí

Ẹni tó bá gbọ́ pé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń jókòó sọ̀rọ̀ àrùn nílé ọtí lè rò pé ọtí ni wọ́n bá wá. Orúkọ ètò náà, Pint of Science, ìyẹn ife bíà sáyẹ́ǹsì, kò kúkú ran ọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀, àwọn aláìsàn ló bí i.

Lọ́dún 2012, Michael Motskin àti Praveen Paul ń ṣiṣẹ́ ìwádìí ní Imperial College, Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n ṣètò kan tí wọ́n pè ní Meet the Researchers. Wọ́n ní kí àwọn tí àrùn ọpọlọ àti iṣan ìmọ̀lára bíi Parkinson's, Alzheimer's, multiple sclerosis àti motor neurone ń bá fínra wá wo yàrá ìwádìí, kí wọ́n fojú ara wọn rí iṣẹ́ tó ń lọ lórí àìsàn wọn. Ẹ wo bó ṣe máa rí: ẹni tó ń gbé àrùn kiri lára pàdé ẹni tó jẹ́ pé abẹ́ máíkírósíkóòpù ló ti mọ̀ ọ́n. Àtàlejò àtonílé, ìpàdé náà wọ̀ wọ́n lára. Ni àwọn méjèèjì bá rò ó pé, bí àwọn èèyàn bá lè wá bá wa níbi iṣẹ́, kí ló dé tí àwa náà ò lè lọ bá wọn níbi tí wọ́n ti ń gbafẹ́? Nígbà tó di oṣù karùn-ún ọdún 2013, wọ́n kó ìwádìí lọ sílé ọtí ní Lọ́ńdọ̀nù, Oxford àti Cambridge, alẹ́ mẹ́ta gbáko.

Àwọn kan ti la irú ọ̀nà yìí ṣáájú wọn. Ní 1992, Marc Sautet ń kó èèyàn jọ láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú sí Café des Phares ní Paris, kí wọ́n jọ jiyàn lórí ọ̀rọ̀ èrò ìjìnlẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní philosophy. Duncan Dallas, tó ń ṣe ètò tẹlifíṣọ̀n, yá àṣà yìí lò fún sáyẹ́ǹsì ní Leeds lọ́dún 1998. Ó sọ ọ́ ní Café Scientifique. Ìlànà tiẹ̀ ló wù mí jù. Àlejò á sọ̀rọ̀ bí ìṣẹ́jú 20, wọn á sinmi kí oníkálukú bu ọtí kún ife, ìbéèrè ló sì máa ń gba ìyókù alẹ́. Bí ìdí ẹmu ló rí: kò sẹ́ni tó lè dá ọ̀rọ̀ sọ títí tí wọn ò ní já a gbà mọ́ ọn lẹ́nu.

Pint of Science dé Brazil ní 2015, ìlú São Carlos ló sì ti bẹ̀rẹ̀. Ìràwọ̀ àti kọ̀ǹpútà ti wọ inú ètò náà báyìí, ṣùgbọ́n ọpọlọ àti àgọ́ ara ṣì ní alẹ́ tiwọn: Beautiful Mind ni ti ọpọlọ, Our Body ni ti ara.