Àyẹ̀wò ipa iná omi kékeré lórí odò àti àwọn tó ń gbé etí ẹ̀

Àyẹ̀wò ipa iná omi kékeré ni ìwádìí tí wọ́n máa ń ṣe kí wọ́n tó gbé tọ́báìnì, ẹ̀rọ tí omi ń yí kó lè mú iná wá, sójú odò, kí wọ́n lè mọ ohun tó máa ṣe fún omi, ẹja, igbó, ilẹ̀ àti àwọn tó ń gbé nítòsí. EIA (Environmental Impact Assessment) làwọn tó ń ṣe é máa ń pè é, tí ọ̀rọ̀ aráàlú (Social) bá ti wọ̀ ọ́ ó di ESIA. Orílẹ̀-èdè kálukú ló mọ ibi tó fi òdiwọ̀n "kékeré" sí, ọ̀pọ̀ ní kò gbọdọ̀ ju 10 mẹ́gáwáàtì lọ, ní Nàìjíríà wọ́n máa ń kà á dé 30.

Ọ̀rọ̀ "kékeré" yẹn máa ń tan èèyàn jẹ. Irú iná yìí kì í sábà ní adágún ńlá bíi ti Kainji, tí wọ́n parí lọ́dún 1968, tí àwọn ará Bussa kó lọ sí New Bussa torí omi tó bo ìlú wọn. Ògiri kúkurú kan ni wọ́n máa ń mọ sójú odò, wọ́n á darí omi gba gọ́tà àbí páìpù lọ sí ilé ẹ̀rọ nísàlẹ̀, tọ́báìnì á yí, omi á padà sódò. Omi ò sọnù lóòótọ́, àmọ́ láàárín ibi tí wọ́n ti gbà á àti ibi tí wọ́n ti tú u sílẹ̀, odò lè gbẹ kanlẹ̀, ó lè jẹ́ 300 mítà, ó lè jẹ́ kìlómítà méjì, ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí àyẹ̀wò tẹjú mọ́ jù.

Òfin EIA Nàìjíríà, tó bẹ̀rẹ̀ bíi Decree 86 lọ́dún 1992, ò wo ibẹ̀ tó. Ohun tí àtòkọ ẹ̀ kà sí dandan ni dáàmù iná tó ga ju 15 mítà lọ tí àwọn iṣẹ́ ara ẹ̀ sì gba ju 40 hẹ́kítà lọ, àbí adágún tó fẹ̀ ju 400 hẹ́kítà. Ògiri mítà méjì ò lè dé ibẹ̀ láéláé. Ìyẹn ò ní kéèyàn kàn lọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ o, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí àyíká ló máa pín iṣẹ́ sí ìsọ̀rí lẹ́yìn tí wọ́n bá forúkọ ẹ̀ sílẹ̀, tí ibẹ̀ bá sì gbẹgẹ́ wọ́n lè ní kí wọ́n ṣe EIA kíkún, ìyẹn ni pé wọ́n á kó ìmọ̀ jọ nígbà òjò àti nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n á sì gbé ìwé àbọ̀ síta fún aráàlú fún ọjọ́ iṣẹ́ 21.

Ìgbà méjèèjì yẹn ṣe pàtàkì gan-an ní agbègbè Ìbàdàn, torí odò tó ń ru gùdù ní Sẹ̀tẹ́ńbà, ọmọdé lè fẹsẹ̀ là á kọjá nígbà ọyẹ́. Bí wọ́n ṣe ń wọn odò kékeré ò le: wọ́n á wọn mítà 10 létí ẹ̀, wọ́n á ju ọsàn kan sómi, ọsàn dáa torí ó máa ń rì díẹ̀, atẹ́gùn ò ní máa tì í kiri, wọ́n á wá ka ìṣẹ́jú àáyá. Ká ní ó lo 20, odò fẹ̀ ní mítà mẹ́rin, ó jìn ní ààbọ̀ mítà, lítà 1,000 nìyẹn ní ìṣẹ́jú àáyá kan, wọ́n á dín in kù sí 850 torí omi ìsàlẹ̀ kì í sáré tó tòkè. Tí omi bá já mítà mẹ́jọ, tí ẹ̀rọ sì sọ ìdá 70 nínú 100 agbára omi di iná, nǹkan bíi 47 kílówáàtì ló máa wá. Ní Fẹ́búárì omi kan náà lè ku lítà 200, iná á di 11. Ọ̀gbẹ́ni Donald Tennant, onímọ̀ nípa ẹja ará Amẹ́ríkà, sọ lọ́dún 1976 pé ìdá 10 nínú 100 àròpín omi ọdún ni ẹja fi lè yè bọ́, ìdá 30 ló fi lè rójú gbé. Tí àròpín bá jẹ́ lítà 500, lítà 150 gbọ́dọ̀ máa ṣàn lójú odò, nínú 200 ti Fẹ́búárì 50 péré ló kù fún ẹ̀rọ, iná ò tó kílówáàtì mẹ́ta. Ẹni tó bá sọ 47 fún ará abúlé láì sọ mẹ́ta yìí, ó kéré tán kò sọ gbogbo ẹ̀.

Ti aráàlú ló máa ń ta kókó jù. Àpáta tí omi ti ń já ni ẹnjiníà ń wá kiri, àpáta yẹn náà làwọn ìyá ń sá láfún sí, inú kòtò omi tó wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀ ni wọ́n ti ń rẹ ẹ̀gẹ́, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń fọṣọ, nígbà míì ojúbọ odò tún wà níbẹ̀. Òfin ilẹ̀ ti 1978 máa ń sanwó ilé àti irè oko, kò sanwó àpáta tí wọ́n ń sá láfún sí. Ìlànà Báǹkì Àgbáyé tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2018 ka ọ̀nà àtijẹ tó bá bàjẹ́ mọ́ ọn, tó bá jẹ́ owó báǹkì náà ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́.

Àìsàn náà wà níbẹ̀. Omi tó bá dúró lẹ́yìn ògiri máa ń fa ìgbín kéékèèké tó ń gbé àtọ̀sí ajá (ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀), wọ́n ti rí i ní àwọn abúlé tó wà lẹ́bàá dáàmù Ọyán ní ìpínlẹ̀ Ògùn, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1983, dáàmù tó ní tọ́báìnì 9 mẹ́gáwáàtì tí wọn ò lò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Omi tó ń sáré gba orí ògiri ni eṣinṣin dúdú tó ń fa ìfọ́jú ń fẹ́ ní tiẹ̀. Àkúnya omi náà ò ṣe é fojú di, dáàmù Ẹlẹ́yẹlé tí wọ́n kọ́ lọ́dún 1942 fún omi ẹ̀rọ kún àkúnya ní 26 Ọ́gọ́ọ̀sì 2011, ó lé ní 100 èèyàn tó kú ní Ìbàdàn lọ́jọ́ yẹn.

Lẹ́yìn ìwé àṣẹ, ìbẹ̀wò ló kù, ohun tí wọ́n sì máa ń wò ni bóyá lítà 150 yẹn ń ṣàn. Ihò tí wọ́n dá sínú ògiri láìní ìlẹ̀kùn dáa ju fáàfù lọ, torí tí iná bá ti ń ṣe bàìbàì lálẹ́ Fẹ́búárì, ẹnìkan á kàn lọ ti fáàfù ni.