Odò, Oòrùn àti Kẹ̀kẹ́ Márúwá: Bí Orísun Iná Ṣe Ń Gba Iṣẹ́ Lọ́wọ́ Ara Wọn

Omi Odò Ọya tí ó yí ẹ̀rọ iná ní Kainji, ibùdó tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1968, náà ni ó ń ṣàn wá yí ẹ̀rọ mìíràn ní Jẹ́bà, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1985. Omi kan náà ń pèsè iná lẹ́ẹ̀mejì, ọgbọ́n gidi sì ni. Ṣùgbọ́n bí omi bá fà lókè, ibùdó méjèèjì ni yóò kàn.

Nítorí náà, orílẹ̀-èdè tí ó bá fẹ́ fi orísun mìíràn kún odò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo àkókò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa ń rẹlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìkún omi máa ń dé Kainji lọ́dún: ti òjò ìtòsí, tí ó rú fún ẹrẹ̀, ń dé ní nǹkan bí oṣù Kẹsàn-án, ti òkè Gínì, tí ó mọ́ gaara, ń dé nígbà ọyẹ́. Lẹ́yìn èyí ni omi yóò máa fà títí òjò yóò fi padà. Àárín àkókò yẹn gan-an, ní nǹkan bí oṣù Kẹta, ni oòrùn Ìlọrin ń mú, tí sólà sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Nígbà tí ìkùukùu oṣù Kẹjọ bá bo ojú ọ̀run, omi ti ń gòkè. Ọyẹ́ ni kò ṣe sólà lóore, nítorí eruku rẹ̀ ń bo gíláàsì, àfi kí a fi omi àti aṣọ rírọ̀ nù ún láàárọ̀, kí ó tó gbóná.

Iná tí à ń pèsè àti èyí tí à ń lò gbọ́dọ̀ dọ́gba ní gbogbo ìgbà. Bí ìlò bá fi púpọ̀ ju ìpèsè lọ, iná gbogbo orílẹ̀-èdè lè kú lẹ́ẹ̀kan náà, ohun tí kò ṣàjèjì sí ará Nàìjíríà. Oòrùn sì ń wọ̀ ní wákàtí tí gbogbo ilé ń tan iná. Kainji lè dín omi tí ó ń tú kù lọ́sàn-án, nígbà tí sólà ń ṣiṣẹ́, kí ó fi í pamọ́ di alẹ́.

Ní ti ọkọ̀, nínú epo tí ẹ́ńjìnnì Kẹ̀kẹ́ Márúwá ń jó, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ni ó ń yí táyà, ìyókù ń bá ooru àti èéfín lọ. Ẹ̀rọ kẹ̀kẹ́ oníná ń fi ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin iná inú bátìrì rẹ̀ yí táyà. Àmọ́ bí gbogbo ọlọ́kẹ̀kẹ́ láti Ọjà Ọba dé Tanke ní Ìlọrin bá ki bátìrì bọ iná ní aago méje alẹ́, tiransifọ́mà àdúgbò ni wọn yóò jó. Pípààrọ̀ bátìrì sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ: sólà orí òrùlé gáréèjì yóò ti gba iná sínú bátìrì lọ́sàn-án, ẹni tí ó bá kírun ọ̀sán tán yóò yọ èyí tí ó ti tán, yóò fi èyí tí ó kún rọ́pò rẹ̀, yóò sì máa bá iṣẹ́ lọ. Irú ibùdó bẹ́ẹ̀ ní Òfà tàbí Ọ̀mù-Àrán kò ní láti dúró de wáyà láti Jẹ́bà.