Ẹ Béèrè Orúkọ Ìyá Tó Mọ Ọ́n: Ìmọ̀ràn fún Ẹni Tó Fẹ́ Máa Kó Ìkòkò Amọ̀ Jọ

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa kó ìkòkò amọ̀ jọ sábà máa ń bi mí pé irú èwo ni kí òun rà. Èmi náà á bi í padà: ta ló fọwọ́ mọ ọ́n, ìlú wo ló ti wá, kí ni wọ́n ń fi ṣe? Ìkòkò tí a kò rí ìdáhùn sí ìbéèrè mẹ́ta yìí nípa rẹ̀ lè rẹwà, ó sì lè bá pálọ̀ mu, ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ ti sọnù kó tó délé yín. Owó kọ́ ló ń mú àkójọ níyì. Ohun tí a mọ̀ nípa ìkòkò kọ̀ọ̀kan ni.

Ìlú kan ni kí ẹ kọ́kọ́ dì mú. Ìlú amọ̀kòkò kò wọ́n wa: Ìlọrin wà, Ìpetumodù nítòsí Ifẹ̀ wà, Ìṣàn-Èkìtì wà, Erùṣù-Àkókó náà wà. Amọ̀ wọn yàtọ̀ síra, ọwọ́ wọn náà yàtọ̀. Bí ẹ bá ń ra ẹyọ kan níhìn-ín, ẹyọ kan lọ́hùn-ún, yóò pẹ́ kí ojú yín tó là. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti rí àmù omi, ìsaasùn ọbẹ̀, àgbada tí a fi ń dín nǹkan àti ajere oníhò ìlú kan ṣoṣo títí tó fi mọ́ yín lára, ọjọ́ tí ẹ bá rí ti ìlú mìíràn lọ́jà, ojú yín á dá a mọ̀ pé àlejò ni.

Ẹ jẹ́ ká gbé àmù Ìlọrin kan yẹ̀ wò. Àwọn ìyá tó ń mọ̀kòkò ní àdúgbò Dada, ní Òkèlele, kì í lo ẹ̀rọ tó ń yí. Wọ́n á da ojú ògbólógbòó ìkòkò kan délẹ̀, wọ́n á tẹ́ amọ̀ tí wọ́n ti gún dáadáa lé ìdí rẹ̀, wọ́n á sì máa lù ú títí yóò fi rí bí ìdí ìkòkò náà. Bó bá ti gbẹ díẹ̀, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á yí i padà, wọ́n á wá máa fi amọ̀ tí wọ́n fọwọ́ yí kọ́ ara òkè rẹ̀ títí dé ẹnu. Ẹ ti ọwọ́ bọ inú àmù náà, kí ẹ fi ìka wá ibi tí ìdí àti ara òkè ti pàdé. Nígbà púpọ̀, ẹ ó kan ibi tó ga díẹ̀, tó yí po. Ẹni tó ti kan ibẹ̀ rí kò ní gbàgbé bí wọ́n ṣe mọ ọ́n.

Ọnà ara rẹ̀ náà ń sọ̀rọ̀. Ṣùkù àgbàdo tí wọ́n ti jẹ ọmọ rẹ̀ tán, bí wọ́n bá yí i lára amọ̀ tútù, ihò kéékèèké tó tò lẹ́sẹẹsẹ ló ń fi sílẹ̀. Okùn tí wọ́n lọ́ a máa fi ilà tó dagun sílẹ̀. Igi tí wọ́n gbẹ́ ọnà sí ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Kété tí wọ́n bá yọ ìkòkò nínú iná, tó ṣì gbóná janjan, wọ́n á fi omi tí wọ́n ti se èèpo èso igi irú sí wẹ̀ ẹ́. Omi yẹn ló ń dí àwọn ihò tí ojú kò rí, òun ló sì ń fún un ní àwọ̀ dúdú tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Bí ẹ bá rí àpá dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ má pè é ní àbùkù. Koríko àti igi ni wọ́n fi ń sun ún ní gbangba, ibi tí iná ti jó tí èéfín sì ti bò ó nìyẹn. Èmi fẹ́ràn irú àpá bẹ́ẹ̀ gan-an, nítorí kò sí ìkòkò méjì tó ní i bákan náà.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ fi oríkèé ìka kàn án. Bó bá dún gooro, ara rẹ̀ le. Bí ohùn rẹ̀ bá há, ó ti sán níbì kan tí ojú yín kò tíì rí. Ẹ ṣọ́ra fún ìkòkò tí òǹtajà ń pè ní ti ayé ọjọ́un. Èéfín, epo pupa àti sísin sínú ilẹ̀ lè sọ ìkòkò àná di arúgbó.

Àwọn ìyá wa kì í sábà kọ orúkọ sára ìkòkò, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ní láti béèrè. “Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá. Ẹ jọ̀ọ́, orúkọ wo ni kí n kọ sílẹ̀ pé ó mọ èyí?” Ọ̀pọ̀ wọn máa ń rẹ́rìn-ín, nítorí kò sẹ́ni tó bi wọ́n bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ gbàyè lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó ya fọ́tò. Ẹ wo Ladi Kwali, amọ̀kòkò ọmọ Gbàgyí tó wà lẹ́yìn owó ogún náírà. Lọ́dọ̀ àwọn ìbátan rẹ̀ obìnrin nílé ló ti kọ́ iṣẹ́ náà kó tó dé ilé ẹ̀kọ́ ìkòkò tí Michael Cardew, amọ̀kòkò ará Gẹ̀ẹ́sì, dá sílẹ̀ ní Àbújá àtijọ́, tí à ń pè ní Sulẹ́jà báyìí. Níbẹ̀, wọ́n ń tẹ òǹtẹ̀ amọ̀kòkò sára iṣẹ́, ìyẹn ló jẹ́ ká lè tọ́ka sí èyí tó jẹ́ tirẹ̀ lónìí. Ọ̀pọ̀ obìnrin ló ti mọ ìkòkò títí wọ́n fi kú láìsí ẹyọ kan tí a lè fi orúkọ pè.

Ní ti ìkòkò ojúbọ, mi ò kì í rà á, mi ò sì gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó rà á. Àbátàn, ìyá amọ̀kòkò Òkè-Odàn ní ilẹ̀ Yewa, gbayì nídìí àwo ọta Ẹyinlẹ̀, òrìṣà odò, èyí tí ọmọrí rẹ̀ rí bí adé, tí omi odò àti ọta òrìṣà ń gbé inú rẹ̀. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní ilé tirẹ̀. Òfin náà sì wà: òfin àjọ National Commission for Museums and Monuments, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ti 1979 ka iṣẹ́ ọwọ́ ilẹ̀ wa tí wọ́n ṣe ṣáájú 1918 sí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Èyí tó níyì ní ti ìtàn tàbí ọnà, tí wọ́n sì ti lò rí nínú ètùtù ìbílẹ̀, wà lábẹ́ òfin kan náà, kódà bó jẹ́ lẹ́yìn 1918 ni wọ́n mọ ọ́n. Kò gbọdọ̀ jáde ní Nàìjíríà láìgba ìwé àṣẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ìkòkò tuntun lọ sí Lọ́ńdọ̀nù tàbí Amẹ́ríkà, ẹ kọ́kọ́ gbé e dé ọ́fíìsì àjọ náà, kí wọ́n lè rí i pé tuntun ni, kí ẹ má bàa jìyà ní pápá ọkọ̀ òfurufú.

Bí ẹ ṣe ń tọ́jú rẹ̀ kò le. Ìdí rẹ̀ kì í tẹ́jú, nítorí náà ẹ gbé e ka òṣùká. Ẹ má fi ẹnu rẹ̀ gbé e. Ọwọ́ kan lábẹ́, ọwọ́ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ má fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, torí amọ̀ yóò fà á mu. Bó bá fọ́, ẹ ṣa gbogbo àpáàdì rẹ̀ sínú àpò kan, kí ẹ má sì sáré ra gúlúù tí kì í tú mọ́.

Ẹ ní ìwé kan fún àkójọ yín: nọ́ńbà, orúkọ, ìlú, ọjọ́, iye tí ẹ rà á, ohun tí amọ̀kòkò sọ. W. A. Ismay, òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé ní Wakefield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kì í ṣe olówó, ṣùgbọ́n nígbà tó kú ní 2001, ó fi ìkòkò tó lé ní 3,600 sílẹ̀, pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ìwé nípa wọn. Ìlú York ló ń tọ́jú wọn báyìí.

Ẹ má dá a ṣe o. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n la fi ń ṣọgbọ́n. Ẹgbẹ́ tó dára máa ń gbé ìkòkò káàkiri ọwọ́ ara wọn, kí kálukú sọ ìlú tó rò pé ó ti wá kí wọ́n tó ka ohun tí ẹni tó ni ín kọ. Àríyànjiyàn á bẹ́ sílẹ̀, ẹ̀kọ́ á sì wà níbẹ̀. Wọ́n á jọ háyà ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn ìyá, wọ́n á sanwó fún wọn tààrà, wọn kò sì ní dúnàádúrà jù lórí iṣẹ́ wọn. Ẹgbẹ́ tí wọ́n bá ti ń fi ibi tí wọ́n ti ra ìkòkò pa mọ́ fún ara wọn, ọjà ni wọ́n ń ṣe, ẹ kúrò níbẹ̀. Bí kò bá sí ẹgbẹ́ nítòsí yín, ẹ béèrè ní ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà yunifásítì tàbí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó súnmọ́ yín. Ẹ sì tún béèrè lọ́wọ́ ìyá tí ẹ ti ra ìkòkò, torí ó mọ àwọn tó ń padà wá rajà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹni mẹ́ta tó láti bẹ̀rẹ̀, kí kálukú mú ìkòkò kan ṣoṣo wá, pẹ̀lú ohun tó mọ̀ nípa rẹ̀ nínú ìwé.